Ẹ̀jẹ̀ Ríru: Ṣé Ẹnì Kan Nínú Mẹ́ta Ni, Àbí Ìdajì Àgbàlagbà?

Ìròyìn kan sọ pé nínú àgbàlagbà mẹ́ta, ẹnì kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Òmíràn ní wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Èyí ní ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́ fún ìdajì, tọ̀hún ní ẹnì kan péré nínú márùn-ún. Àwọn òǹkàwé wá ń béèrè pé èwo ni kí àwọn gbà.

Ta ló ń parọ́ nínú wọn?
Kò sí.

Kí ló wá dé tí iye wọn kò bára mu?
Ibi tí kálukú fa ìlà sí ló yàtọ̀. Nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2023, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá dé 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tàbí tó ti ń lo oògùn rẹ̀, ni wọ́n kà láàárín àwọn ẹni ọdún 30 sí 79, iye wọn sì jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.3, ìyẹn ẹnì kan nínú mẹ́ta. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn ọkàn fa ìlà náà wálẹ̀ sí 130 lókè tàbí 80 nísàlẹ̀ ní ọdún 2017, àwọn tí ìlà náà sì mú níbẹ̀ fò láti nǹkan bí 32 sí 46 nínú àgbàlagbà 100. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sùn ní aláìsàn kankan, wọ́n jí ní ẹlẹ́jẹ̀ ríru, bẹ́ẹ̀ iṣan ara wọn kò gbọ́ sí i rárá.

Kí ni nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀?
Ti òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan nígbà tí ọkàn bá tì í jáde. Ti ìsàlẹ̀ ni èyí tó kù nígbà tí ọkàn bá sinmi.

Ẹni mélòó ni ìtọ́jú ti ràn lọ́wọ́?
Ẹ jẹ́ ká mú ẹlẹ́jẹ̀ ríru 100. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ọdún 2023 náà ti wí, nǹkan bí 54 ni wọ́n ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì sọ fún, 42 ń gba ìtọ́jú, 21 péré ni ẹ̀jẹ̀ wọn sì ti wálẹ̀ kọjá ìlà. Bí a bá fi 21 yìí wé àwọn 42 tó ń gba ìtọ́jú, ìdajì ni. Bí a bá fi wé gbogbo 100, ó di ẹnì kan nínú márùn-ún. Ẹni tó fẹ́ yangàn a máa mú ti àkọ́kọ́, ẹni tó ń tọrọ owó iṣẹ́ a sì mú ìkejì. Àwọn 46 tí kò tilẹ̀ mọ̀ ló ń dẹ́rù bà mí jù, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi àmì hàn, ẹni tó bá sì ń dúró de orí fífọ́ kí ó tó lọ wọn tirẹ̀ lè dúró títí tí kíndìnrín tàbí ọkàn yóò fi dá a lóhùn.

Wọ́n wọn tèmi, ó jẹ́ 150. Ṣé ó ti tán nìyẹn?
Ẹ̀ẹ̀kan kò tó láti dájọ́. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan ọkàn, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́ nígbà tí aṣọ ẹ̀rọ bá ń fún apá yín. Ìtọ̀ tí ẹ há mọ́ra àti sìgá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mu lè gbé nọ́ńbà náà sókè. Ẹlòmíràn sì wà tó jẹ́ pé ìbẹ̀rù aṣọ funfun dókítà nìkan ló ń gbé tirẹ̀ sókè. Ẹ tún un wọn ní ọjọ́ mìíràn.

Bó bá ti wálẹ̀, ṣé mo lè dá oògùn dúró?
Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín. Oògùn náà ló fà á wálẹ̀.

Ìgbà wo ni kò yẹ kí n dúró rárá?
Bó bá ju 180 lókè tàbí 120 nísàlẹ̀, tí àyà sì ń dùn yín, tí èémí ń ṣòro, tí ojú ṣú, tí ẹ̀gbẹ́ ara kan kú tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, ilé ìwòsàn ní wéréwéré. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ tún un wọn lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀; bó bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ kàn sí dókítà kí ọjọ́ náà tó ṣú.