Bọ́fà: ohun tó ń mú fídíò dúró lórí Wi-Fi ilé, àti bí a ṣe ń wá ibi tó ti ń já

Fídíò ń lọ geere, bọ́ọ̀lù ku díẹ̀ kó wọ inú àwọ̀n, àwòrán dúró gbagidi. Àmì róbótó kékeré kan jáde sí àárín ojú tẹlifíṣọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Gbogbo ilé á ní, "Ó tún ti ń bọ́fà o." Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ wa lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pe àìsàn ní orúkọ oògùn rẹ̀. Bọ́fà kì í ṣe àìsàn. Kí fídíò má baà dúró ni wọ́n ṣe ṣe é. Ohun tí àmì róbótó yẹn ń sọ fún wa ni pé bọ́fà ti gbẹ.

Ẹ fojú inú wo ilé tó ní táǹkì omi. Omi tó ń ti ìta wọ inú táǹkì kì í dọ́gba: nígbà mìíràn á ya wọlé, nígbà mìíràn á máa kán tó, tó, tó. Ẹni tó ń fọwọ́ nínú ilé kò mọ̀, torí inú táǹkì ni omi tirẹ̀ ti ń wá. Bí omi ìta bá dá fún ìgbà díẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Ó di ìgbà tí omi bá dá pẹ́ ju èyí tó wà nípamọ́ lọ kí ẹnu ẹ̀rọ tó gbẹ. Táǹkì yẹn ni bọ́fà. Bí ẹ ti ń wo fídíò lọ, ẹ̀rọ yín ń gba apá tí ẹ kò tíì dé pamọ́ síwájú, inú ohun tó pamọ́ yẹn ló sì ti ń bù fún yín.

Táǹkì gbogbo fídíò kò tóbi bákan náà, ibẹ̀ sì ni mo máa ń ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Fíìmù tí wọ́n ti ṣe parí wà ní pípé níbi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, nítorí náà ẹ̀rọ lè fa púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Ìdíje tó ń lọ lọ́wọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, torí kò sẹ́ni tó lè kó ìṣẹ́jú tí kò tíì ṣẹlẹ̀ pamọ́. Ní ti ìpè fídíò, àti gbígbé ojú fóònù sórí tẹlifíṣọ̀n, táǹkì tiwọn kò ju ife omi kan lọ. Bí fíìmù bá ń lọ dáadáa lórí tẹlifíṣọ̀n yín tó jẹ́ pé ìdíje tàbí ìpè nìkan ló ń dúró, a jẹ́ pé ọ̀nà yín ń já fún ìgbà kúkúrú, ìṣẹ́jú àáyá kan síhìn-ín, méjì sọ́hùn-ún, táǹkì ńlá sì ń bò ó mọ́lẹ̀. Bí fíìmù pàápàá bá ń dúró, ọ̀ràn ti kọjá ìyẹn. Ẹ tún wo bó ṣe dúró. Bí àwòrán bá kọ́kọ́ di bàìbàì kó tó dúró, ẹ̀rọ yín ti rí i pé omi ń dínkù, ó ti ń bu èyí tó kéré kó lè tó o lò. Bí àwòrán bá mọ́ kedere títí tó fi dúró lójijì, ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan já pátápátá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á yẹ ìyára íntánẹ́ẹ̀tì wọn wò, wọ́n á rí nọ́ńbà ńlá, ọ̀rọ̀ á sì rú wọn lójú. Ìyára kì í sábà jẹ́ ẹjọ́ náà. Netflix fúnra rẹ̀ sọ pé 5 Mbps (mẹ́gábíìtì márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan) tó fún fídíò 1080p tó mọ́ kedere, 15 Mbps sì tó fún 4K tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé tó ní 100 Mbps ní púpọ̀ lé lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni àyẹ̀wò ìyára ń fún wa. Bí ọ̀nà bá já fún ìṣẹ́jú àáyá méjì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, àyẹ̀wò náà lè má bá a pàdé rárá. Ohun tí fídíò ń fẹ́ ni ọ̀nà tí kì í já.

Ọ̀nà yẹn sì jẹ́ méjì. Èkíní ti ìta wá sí ráútà, ìyẹn àpótí tó ń pín Wi-Fi nínú ilé, iléeṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ló ni ín. Èkejì ti ọ̀dọ̀ ráútà lọ sí tẹlifíṣọ̀n, inú afẹ́fẹ́ ilé yín ló gbà, ẹ̀yin lẹ ni ín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí tó ń já kí ẹ tó náwó kankan. Ọ̀pọ̀ ló ti pààrọ̀ iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni àìsàn wà, ọ̀pọ̀ sì ti ra ráútà tuntun nígbà tó jẹ́ pé ìta ló ti ń já. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n kò le. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà kan sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà, kó wà lórí Wi-Fi kan náà, kí ẹ sì ṣí Command Prompt bó bá jẹ́ Windows, tàbí Terminal bó bá jẹ́ Mac. Àṣẹ tó ń jẹ́ ping ni ẹ máa lò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ké sí ẹ̀rọ mìíràn, kó sì ka iye àkókò tó gbà kí ẹni náà tó dáhùn. Ẹ ṣí ojú iṣẹ́ méjì. Nínú èkíní, ẹ máa ké sí ráútà: ẹ tẹ ping, kí ẹ fi àlàfo sí i, kí ẹ kọ àdírẹ́sì rẹ̀. Àdírẹ́sì rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1, ẹ ó sì rí i nínú ètò Wi-Fi yín. Nínú èkejì, ẹ máa ké sí ibì kan lóde, bíi 8.8.8.8 tó jẹ́ ti Google. Lórí Windows, ẹ fi -t kún àṣẹ náà kó má baà dúró lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́yìn náà kí ẹ tan fídíò, kí ẹ máa wò ó.

Nígbà tí àwòrán bá dúró, ẹ yíjú sí kọ̀ǹpútà. Bí Wi-Fi bá dára, ráútà á máa dáhùn láàárín mílísẹ́kọ́ǹdù (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) díẹ̀, ó lè fò sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kò burú. Bí ìdáhùn ráútà bá di ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílísẹ́kọ́ǹdù léraléra, tàbí tí kò dáhùn mọ́, inú ilé ni ẹjọ́ wà, kò kan ẹni tó ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín. Bí ráútà bá ń dáhùn wẹ́rẹ́ tó jẹ́ pé 8.8.8.8 nìkan ló dákẹ́, ìta ni. Bí ráútà àti ìta bá ń dáhùn wẹ́rẹ́ nígbà tí fídíò dúró, ẹ wo tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀, tàbí áàpù, tàbí ibi tí fídíò ti ń wá.

Ká ní inú ilé ni, torí ibẹ̀ ni mo ti máa ń bá a jù.

Wi-Fi dà bí ìpàdé tí ẹnì kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á tẹ́tí kó tó sọ̀rọ̀. Bí ẹlòmíràn bá ń sọ̀rọ̀, á dúró. Bí méjì bá sọ̀rọ̀ pọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́, wọ́n á tún un sọ. Ìpàdé náà kò mọ sí inú ilé yín nìkan: Wi-Fi aládùúgbò tó wà lórí ìkànnì (channel) rédíò kan náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀rọ tó jìnnà sí ráútà, tí ohùn rẹ̀ kò já gaara, á máa fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ọ, àkókò gbogbo ìpàdé ló sì ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí fóònù kan tó wà ní ìkángun ilé, tó ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sókè, fi lè mú tẹlifíṣọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà dúró. Wi-Fi 6, ọ̀kan nínú àwọn ìran Wi-Fi tó dé lẹ́yìn, ní ọgbọ́n tó fi lè pín ìgbà kan ṣoṣo fún ẹ̀rọ mélòó kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kò ní ọgbọ́n náà kò ní í jẹ àǹfààní rẹ̀.

Bí a bá mọ èyí, ohun méjì tó ń ṣe ènìyàn ní kàyéfì á yé wa. Èkíní ni gbígbé ojú fóònù sórí tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹ bá tẹ àmì Cast nínú YouTube, fóònù kàn sọ fún tẹlifíṣọ̀n ibi tó ti máa rí fídíò ni, tẹlifíṣọ̀n á lọ mú un fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fi fídíò tó wà nínú fóònù hàn gba inú Wi-Fi ilé, á ti fóònù lọ sí ráútà, á tún ti ráútà lọ sí tẹlifíṣọ̀n: ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ̀ẹ̀mejì nínú ìpàdé kan. Èkejì ni ẹ̀rọ tó ń fa Wi-Fi gùn. Èyí tó bá ń fi rédíò kan ṣoṣo gbọ́, tó tún ń fi í sọ, á gba ọ̀rọ̀, á tún un sọ, ìlàjì àkókò á sì bá a lọ. Àmì Wi-Fi lórí tẹlifíṣọ̀n á kún dẹ́múdẹ́mú, fídíò á sì máa dúró. Àmì yẹn ń sọ bí ohùn ṣe lágbára tó, kò sọ bí ìpàdé ṣe kún tó.

Ìgbì rédíò méjì ni ọ̀pọ̀ ráútà ń lò, 2.4 GHz àti 5 GHz. 2.4 GHz ń lọ jìnnà, ó sì ń la ògiri kọjá dáadáa, ṣùgbọ́n ó há, ó sì láriwo. Ìkànnì mẹ́ta péré, 1, 6 àti 11, ni a sábà ń lò níbẹ̀ kí wọ́n má baà gun ara wọn. Bluetooth wà lórí ìgbì yẹn. Ààrò microwave pẹ̀lú ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bíi 2.45 GHz, èyí tó ń jò díẹ̀ nínú rẹ̀ sì tó láti bo ohùn Wi-Fi mọ́lẹ̀. Bí fídíò yín bá ń dúró nígbà tí ẹnì kan bá ń gbé oúnjẹ kaná, ẹ ti mú olè. Èyí tí àwọn ènìyàn kì í fura sí ni okùn USB 3.0: Intel tẹ ìwé àlàyé jáde ní 2012 tó fi hàn pé ẹ̀rọ USB 3.0 àti okùn rẹ̀ ń dá ariwo sílẹ̀ lórí 2.4 GHz. Nítorí náà, bí ẹ bá ti ki háàdì dísìkì sí ẹ̀yìn ráútà tàbí sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹ yọ ọ́ fún wákàtí kan kí ẹ wò ó.

5 GHz fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni mo máa ń gbé tẹlifíṣọ̀n sí bí kò bá jìnnà jù. Ó ní àléébù kan tó yẹ ká mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ìkànnì rẹ̀, láti 52 dé 144, jẹ́ ibi tí rédà ojú ọjọ́ àti rédà mìíràn ń lò, òfin sì ni pé bí ráútà bá gbọ́ rédà níbẹ̀, kó kúrò lójú ẹsẹ̀. Kó tó wọ irú ìkànnì bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tẹ́tí fún ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán. Ẹni tí 5 GHz rẹ̀ ń pòórá fún ìṣẹ́jú kan láìsí ìdí, tó tún ń padà, kó lọ sínú ètò ráútà, kó yan 36, 40, 44 tàbí 48, kó má fi í sílẹ̀ kó máa yan fúnra rẹ̀.

Ní ti ibi tí ráútà wà, ọ̀rọ̀ kò pọ̀: ẹ gbé e sókè, sí gbangba, kó má wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, kó má sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù irin. Áàpù tó ń wọn Wi-Fi á fún yín ní nọ́ńbà dBm, ìwọ̀n agbára ohùn Wi-Fi, níbi tí tẹlifíṣọ̀n wà; bó bá jẹ́ -67 tàbí tó sún mọ́ òdo jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tó fún fídíò. Bó bá ti dé -75 tàbí -80, kò sí ètò tó lè tún un ṣe, àfi kí ráútà sún mọ́ ọn. Ìgbì 2.4 GHz kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12 lọ, ìdí nìyẹn tí sísún ráútà ní ìwọ̀n ọwọ́ kan fi lè yí nǹkan padà.

Bọ́fà kan tún wà tó ń ṣe ibi, inú ráútà ló wà. Nígbà tí ẹnì kan bá ń fi fáìlì ńlá ránṣẹ́ sókè, ráútà á to gbogbo rẹ̀ sórí ìlà, kò ní í ju nǹkan kan nù, ìlà á sì gùn débi pé ìbéèrè kékeré tí tẹlifíṣọ̀n fẹ́ fi béèrè apá fídíò tó kàn á wà lẹ́yìn pátápátá. Jim Gettys, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ló sọ ọ́ di mímọ̀ pẹ̀lú orúkọ bufferbloat. Ní 2012, Kathleen Nichols àti Van Jacobson gbé CoDel jáde, ọgbọ́n tí kì í jẹ́ kí ìlà pẹ́ jù. Ráútà tó ní ètò SQM (Smart Queue Management, ètò tó ń ṣàkóso ìlà) ń lo irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ tàn án, kí ẹ fi ìyára rẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí àyẹ̀wò fún yín.

Èrò tèmi ni pé ohun tí kì í kúrò lójú kan kò yẹ kó wà lórí Wi-Fi. Tẹlifíṣọ̀n kì í rìn. Okùn íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Cat5e lè gbé 1 Gbps (1,000 Mbps) dé mítà 100, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jìjàdù ohùn. Ojú ihò okùn ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n kò ju 100 Mbps lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn ju 15 Mbps tí 4K ń béèrè lọ ní ìlọ́po mẹ́fà. Bí ẹ bá sì yọ tẹlifíṣọ̀n kúrò nínú ìpàdé, àwọn fóònù tó kù níbẹ̀ á rí àyè sọ̀rọ̀.

Bó bá jẹ́ pé ìta ni ping fi hàn, ẹ fi kọ̀ǹpútà sórí okùn, kí Wi-Fi má baà jẹ́ àwáwí, kí ẹ jẹ́ kí ping méjèèjì máa lọ láti ìrọ̀lẹ́ títí dé òru, kí ẹ kọ wákàtí tí 8.8.8.8 dákẹ́ tí ráútà sì ń dáhùn. Ìwé yẹn ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín.