Kí ni wọ́n ń pè ní "positive" gan-an?

Ìròyìn ibà Lásà tí rédíò kà ní Àkúrẹ́ níjọ́sí ló fa eléyìí. Wọ́n ní èsì àyẹ̀wò àwọn kan jáde, positive ni, ìyá aláta kan lọ́jà Ọba bá gbọ́wọ́ sókè, "Ọpẹ́ o, wọ́n ti bọ́!" Wọn ò tíì bọ́ o.

Ṣé positive kì í ṣe ọ̀rọ̀ dáadáa ni?
Lẹ́nu pásítọ̀, dáadáa ni. Lọ́sibítù, ó yàtọ̀.

Kí ló wá jẹ́ lọ́sibítù?
Ohun tí wọ́n ń wá, wọ́n ti rí i. Tẹ́ ẹ bá ní kọ́mọ lọ wẹ̀yìn àpò ìrẹsì bóyá eku wà níbẹ̀, tó bá rí eku, positive nìyẹn, tí ò bá rí i, negative. Ohun tí wọ́n ń wá ló máa sọ bóyá ká jó ni àbí ká sunkún. Obìnrin tó ti ń wójú Olúwa fọ́mọ látọdún méje, tí àyẹ̀wò oyún ẹ̀ bá jáde positive, ijó ni, ti Lásà, ìtọ́jú ló kàn.

O positive tó wà lórí káàdì mi ńkọ́, ṣé àìsàn ni?
Rárá o! Irú ẹ̀jẹ̀ yín ló ń sọ. Ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Èròjà kan tó ń jẹ́ Rhesus ló wà lára ẹ̀jẹ̀ yín, ọ̀pọ̀ jù lọ wa ló ní i, ẹni tí ò ní i ni negative, òun náà ò ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n aláboyún tó jẹ́ negative tí bàbá ọmọ jẹ́ positive, kó tètè sọ fún nọ́ọ̀sì, torí abẹ́rẹ́ anti-D wà tí wọ́n máa ń gún nínú oyún, tí ọmọ tó bí bá sì jẹ́ positive wọ́n á tún gún un kí wákàtí 72 tó pé, kára ẹ̀ má bàa bẹ̀jẹ̀ ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn jà.

Ti bátìrì ọkọ̀?
Orí tó ní àmì +.

Èsì mi negative, ṣó ti tán?
Ẹ bi dókítà. Tí àyẹ̀wò bá yá jù, kòkòrò lè má tíì pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ tún un ṣe. Lásà lè wà lára tó ọjọ́ 21 kó tó fojú hàn.

Tó bá wá jẹ́ positive Lásà?
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá, ẹ má fara pamọ́ sílé. Wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ ní FMC Ọ̀wọ̀, ọsibítù ìjọba àpapọ̀, oògùn ribavirin wà, kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ló dáa jù. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló sábà máa ń kó o ranni, nítorí náà ẹ má sá gàrí sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì mọ́, ẹ bo oúnjẹ pa. Ẹni tó bá ń fura lè pe NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, lórí 6232.

Kí ni kí n bi nọ́ọ̀sì tó bá gbé èsì lé mi lọ́wọ́?
"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ wá, ṣé ẹ rí i?"