Títún Iná Iwájú Ọkọ̀ Tò àti Fífi Iná Kùrukùru Sí I

Iná díìmù ọkọ̀, ìyẹn iná iwájú tó ń wo ìsàlẹ̀ kó má baà ta ẹni tó ń bọ̀ lójú, ní etí. Tí ọkọ̀ bá dojú kọ ògiri lálẹ́ tí wọ́n tan díìmù, ìsàlẹ̀ ògiri á mọ́lẹ̀ yòò, òkè rẹ̀ á ṣókùnkùn, ìlà kan á sì pààlà sáàárín méjèèjì. Ìlà yẹn ni a ó máa pè ní etí ìmọ́lẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, bíi Nàìjíríà, Benin àti Togo, etí náà máa ń rẹlẹ̀ lápá òsì, níbi tí ọkọ̀ tó ń bọ̀ wà, a sì máa ga díẹ̀ lápá ọ̀tún kí awakọ̀ lè rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn létí títì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń sọ pé iná rẹ̀ kò ràn, gílóòbù rẹ̀ dára. Etí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló ti ṣí kúrò ní àyè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n tún iná iwájú tò kí wọ́n tó náwó lórí iná tuntun èyíkéyìí.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Iná iwájú ọkọ̀ kékeré máa ń fi nǹkan bíi 65 cm ga sílẹ̀. Tí etí ìmọ́lẹ̀ bá ń rẹlẹ̀ ní 1%, ìyẹn 1 cm lórí mítà kọ̀ọ̀kan, yóò kanlẹ̀ ní mítà 65. Tó bá rẹlẹ̀ ní 2%, mítà 32 ló ti kanlẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sáré 80 km ní wákàtí kan ń gba mítà 22 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà awakọ̀ rẹ̀ kò ní tó ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ láti rí kòtò kó sì tẹ búréèkì. Tí iná bá wá gbójú sókè ju bó ṣe yẹ lọ ní dígírì 1 péré, etí rẹ̀ á fi 87 cm ga sí i ní mítà 50, ó ti dé gíláàsì iwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn.

Kí ló ń ṣí i? Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Nínú Toyota Corolla ọdún 2003 sí 2008, mítà 2.6 ló wà láàárín táyà iwájú àti táyà ẹ̀yìn. Tí sípíríngì ẹ̀yìn bá ti rọ̀ tí ẹ̀yìn ọkọ̀ sì fi 5 cm wálẹ̀, imú ọkọ̀ á gbé sókè ní nǹkan bíi 1.9%. Gbogbo 1% tí iná fi tẹrí ba ti tán, ìmọ́lẹ̀ ti ń wo òkè. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin nínú búùtù lè fa irú rẹ̀ láìjẹ́ pé nǹkan kan bàjẹ́. Àwọn tó ń fi rọ́bà gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè nítorí kòtò náà ń yí iná padà, àmọ́ tiwọn ń dorí kodò. Yàtọ̀ sí èyí, ọkọ̀ tó ti forí sọ nǹkan rí sábà máa ń ní iná tí ọwọ́ ike tó fi so mọ́ ara ọkọ̀ ti kán, tí wọ́n sì fi gúlù lẹ̀ ẹ́. Irú iná bẹ́ẹ̀ á máa gbọ̀n bí ọkọ̀ bá ti ń lọ, kò sì sí bí wọ́n ṣe tò ó tó máa dúró.

Ewu tó tún wà nínú iná àlòkù pọ̀ ju èyí lọ. Ìgbà kan wà tí Nàìjíríà náà ń wakọ̀ lọ́wọ́ òsì; ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni wọ́n yí i sí ọ̀tún. Wọ́n ṣì ń wakọ̀ lọ́wọ́ òsì ní Britain àti Japan, apá òsì ni etí ìmọ́lẹ̀ iná ibẹ̀ sì ti ń gòkè. Tí wọ́n bá ra irú iná bẹ́ẹ̀ ní ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, bíi Ládìpọ̀ ní Èkó tàbí Araromi ní Ìbàdàn, tí wọ́n dè é mọ́ ọkọ̀, á bá ihò mu, á tàn dáadáa, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó ń bọ̀ ló máa máa gún. Kò sí sìkúrù tó lè tún un ṣe, nítorí inú iná gan-an ni wọ́n ti mọ ọ́n bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ike iwájú rẹ̀. Iná tí wọ́n ṣe ní ìlànà Yúróòpù ní lẹ́tà E pẹ̀lú nọ́ńbà nínú òbìrí kékeré: E1 ni Jámánì, E11 ni Britain. Tí ọfà tó kọjú sí ọ̀tún bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti ìlú tó ń wakọ̀ lọ́wọ́ òsì ni. Tí kò bá sí ọfà, tiwa ni. Èyí tí ọfà rẹ̀ kọjú síhà méjèèjì ṣeé yí padà. Iná tó wá láti Amẹ́ríkà ní DOT lára, ìyẹn àmì ìlànà ibẹ̀, pẹ̀lú VOL tàbí VOR, tó ń sọ apá etí ìmọ́lẹ̀ tí a ó wò nígbà títò.

Ibi tó tẹ́jú ni wọ́n ti ń to iná, pẹ̀lú ògiri tó dúró gbọnran níwájú. Ẹ fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní atẹ́gùn tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ kó ẹrù búùtù kúrò, ẹ jẹ́ kí epo tó ìlàjì táǹkì ó kéré tán, kí ẹnì kan sì jókòó síbi awakọ̀. Tí ọkọ̀ bá ní bọ́tìnì 0 sí 3 tó ń gbé iná sókè sílẹ̀, 0 ni kó wà. Ẹ fọwọ́ ti imú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí sípíríngì lè jókòó dáadáa. Tí ike iwájú iná bá ti pọ́n tàbí ṣú, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe: sáńpépà 800, 1500, 2000 pẹ̀lú omi, kí ẹ pọ́líṣì rẹ̀, kí ẹ wá fín fáníìṣì tó ń dènà oòrùn sí i. Ẹni tó bá fo fáníìṣì yìí á rí i pé ike náà tún pọ́n láàárín oṣù díẹ̀. Bákan náà ni ọṣẹ ìfọyín tí àwọn kan ń lò.

Ẹ wá gbé ọkọ̀ sún mọ́ ògiri pẹ́kípẹ́kí, kó dojú kọ ọ́ gbọnran, kí ẹ fi ẹfun sàmì sí àárín gílóòbù díìmù kọ̀ọ̀kan lára ògiri. Ẹ fa ìlà ìbú kan gba àmì méjèèjì kọjá, kí ẹ sì fa ìlà òró kan ní àmì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fa ọkọ̀ sẹ́yìn gbọnran títí iná fi jìnnà sí ògiri ní mítà 7.6, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 25. Ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n; ojú lásán máa ń purọ́ níbí. Ẹ tan díìmù, kí ẹ fi páálí bo iná kan bí ẹ ti ń wo èkejì, ṣùgbọ́n kí páálí má fara kan iná, kó má sì pẹ́ níwájú rẹ̀, nítorí ooru.

Ibi tí etí yóò wà yàtọ̀ síra. Tí VOL bá wà lára iná, apá òsì etí ìmọ́lẹ̀ ni ẹ ó wò, yóò sì wà ní 5.3 cm nísàlẹ̀ ìlà ìbú. Tó bá jẹ́ VOR, apá ọ̀tún ni, orí ìlà náà gan-an ni yóò sì wà. Iná Yúróòpù máa ń ní 1% tàbí 1.2% tàbí 1.3% lára iná fúnra rẹ̀ tàbí lórí ike ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní mítà 7.6, 1% jẹ́ 7.6 cm nísàlẹ̀ ìlà, ibi tí etí náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè yóò wà lórí ìlà òró. Ẹni tó bá to iná VOR bíi ti Yúróòpù á rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ jù, á sì padà máa dá gílóòbù lẹ́bi.

Ẹ̀yìn iná ni sìkúrù ìtò wà. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, sìkúrù díráfà onímẹ́rin ni wọ́n ń ki bọ ihò òkè iná, ẹnu rẹ̀ á sì mú eyín ike kékeré kan tó ń yí. Ìdajì yíyí kan ni kí ẹ máa ṣe, kí ẹ sì wo ògiri. Ẹ máa fi gbígbé sókè parí rẹ̀: tí iná bá ti ga jù, ẹ rẹ̀ ẹ́ kọjá àmì díẹ̀, kí ẹ wá gbé e padà dé ibẹ̀, kí eyín sìkúrù má baà ní àlàfo. Tí sìkúrù bá ń yí tí iná kò sì mira, bọ́ọ̀lù ike ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti yọ tàbí kán. Ẹ dá iṣẹ́ dúró, kí wọ́n ṣí iná náà sílẹ̀.

Ó wá ku iná kùrukùru, èyí tí àwọn rewáyà ń pè ní fọ́ọ̀gì láìtì. Ẹ̀kán omi wínníwínní ni kùrukùru, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ló sì ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sójú awakọ̀. Tí awakọ̀ bá tan fúùlù, ìyẹn iná iwájú tó ń wo ọ̀nà jíjìn, ògiri funfun ló máa rí. Iná kùrukùru wà nísàlẹ̀ bọ́ńpà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gbòòrò, ó pẹlẹbẹ, kò sì dé ọ̀kánkán ojú awakọ̀. Etí títì àti ìlà funfun tó wà nítòsí ló ń fi hàn, kì í ṣe ọ̀nà jíjìn. Àwọ̀ rẹ̀ kò ṣe pàtàkì tó báwọn èèyàn ṣe rò. Ẹ̀kán omi kùrukùru tóbi gan-an sí ìgbì ìmọ́lẹ̀, nítorí náà ó ń fọ́n pupa, ìyeyè àti búlúù ká bákan náà. Àǹfààní tí ìyeyè ní ni pé kì í fi bẹ́ẹ̀ ta ojú.

Ọ̀pọ̀ Corolla àti Camry tí kò ní iná yìí ní ihò rẹ̀ nínú bọ́ńpà, ìdérí ike ló kàn bò ó. Ẹ ra odindi iná tí wọ́n ṣe fún ihò náà, tó ní B tàbí F3 lára ní ìlànà Yúróòpù, tàbí SAE F ní ti Amẹ́ríkà. Tí iná bá ti wà tẹ́lẹ̀ tó kàn ti bàjẹ́, nọ́ńbà ìdí gílóòbù àtijọ́ ni kí ẹ fi ra tuntun: H11, H3 àti 9006 kì í wọ ihò ara wọn. Ẹ má fọwọ́ kan gíláàsì gílóòbù alójìn (halogen), irú èyí tó ní okùn tó ń gbóná nínú. Epo ara ọwọ́ á jẹ́ kí ojú kan níbẹ̀ gbóná jù, á sì jó kíákíá. Gílóòbù 100 wáàtì tí wọ́n ń tà lọ́jà ń yọ́ ìdí iná tí wọ́n ṣe fún 55. Gílóòbù LED tí wọ́n ń ki bọ iná alójìn tún léwu sí i: ojúkò ibi tí okùn inú gílóòbù wà ni wọ́n fi wọn àwo ẹ̀yìn iná, LED kì í sábà jókòó sí ojúkò yẹn, ìmọ́lẹ̀ á wá tú ká, etí á sì pòórá. Odindi iná LED tí wọ́n ṣe látilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ìṣòro yìí.

Níbi wáyà ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Gílóòbù 55 wáàtì méjì jẹ́ 110. Lórí fóòtì 12, ó jẹ́ áńpì 9.2. Bọ́tìnì kékeré kò lè gbé e, rílé ló gbọ́dọ̀ gbé e, ìyẹn súìṣì tí iná kékeré láti bọ́tìnì fi ń tan iná ńlá; wọ́n kọ nọ́ńbà sí ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Wáyà 2.5 mm² láti orí pọ́sítífù bátìrì, fúùsì áńpì 15 nítòsí bátìrì náà, kó wọ ẹsẹ̀ 30 rílé. Ẹsẹ̀ 87 lọ sí iná méjèèjì. 86 wá láti bọ́tìnì, 85 lọ sí ara ọkọ̀. Láti wáyà iná páàkì ni kí bọ́tìnì ti gba iná, kí fọ́ọ̀gì lè kú nígbà tí wọ́n bá pa iná ọkọ̀. Àìjẹ́bẹ́ẹ̀, bátìrì á ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ ha ọ̀dà kúrò níbi tí wáyà ilẹ̀, ìyẹn èyí tó lọ sí ara ọkọ̀, ti kan irin. Ìpàdánù fóòtì 10% lójú wáyà ń gba nǹkan bíi 30% nínú ìmọ́lẹ̀ gílóòbù alójìn. Tí fúùsì bá jó, ẹ wá ohun tó jó o; wáyà tí wọ́n fi ń dí ojú fúùsì ló ń dáná sun ọkọ̀.

Lójú ògiri kan náà ni wọ́n ti ń to iná yìí. Ní mítà 7.6, etí òkè rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní 10 cm nísàlẹ̀ àárín iná náà, kó sì tẹ́jú láti òsì dé ọ̀tún. Iná tó fi 40 cm ga sílẹ̀ á kanlẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 30. Fún ọkọ̀ tó sábà máa ń kẹ́rù, 15 cm ló dára jù, á kanlẹ̀ ní mítà 20, ó sì tó fún eré tó yẹ kí èèyàn sá nínú kùrukùru. Lẹ́yìn tí ẹ bá tò ó tán, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, kí iná tàn fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wá fọwọ́ kan rílé, ìdí fúùsì àti ojú ìsopọ̀ wáyà kọ̀ọ̀kan. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ kò burú. Ibi tó bá gbóná débi tí ọwọ́ kò lè dúró, wáyà ibẹ̀ kò wọ ara wọn dáadáa. Kí wọ́n tú u, kí wọ́n sì tún un dè.