Káàdì ló sọnù, orúkọ ò sọnù

Ìyá aláàdìrẹ kan láti Ìtòkú wá bá mi lọ́jọ́ kan, aró ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀ méjèèjì. Káàdì ìdìbò ẹ̀ ti sọnù. "Ọmọ mi, bá mi ṣe tuntun."

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ má ṣe tuntun o. Èyí tó sọnù yẹn náà la máa gbà padà."

Láti ìgbà tí mo ti ń bá ará Abẹ́òkúta ṣe ètò ìforúkọsílẹ̀, kò sóhun tí mo ń tún sọ tó èyí. Inú ìwé orúkọ olùdìbò tó wà lọ́wọ́ INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, lorúkọ yín wà. Ike lásán ni káàdì. Ẹ rántí oṣù kọkànlá ọdún 2022 tí wọ́n dáná sun ọ́fíìsì INEC ti Gúúsù Abẹ́òkúta. Káàdì 65,699 táwọn tó ni ín ò tíì wá gbà ló jóná síbẹ̀. Ṣé wọ́n ní kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀ lọ́tun ni? Rárá, INEC tún káàdì tẹ̀ ni.

Ẹni tó bá lọ forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ló ń wá wàhálà. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá àti ojú yín ni ẹ̀rọ ti gbà tẹ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà á fi tuntun wé ti àtijọ́, àṣírí á tú. Nínú 12,298,944 èèyàn tó parí ìforúkọsílẹ̀ ní 2021 sí 2022, INEC fagi lé ti 2,780,756. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ wà lára wọn. Lábẹ́ òfin ìdìbò ọdún 2022, owó ìtanràn tó lè tó ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún kan, tàbí méjèèjì, ni ìyà ẹ̀ nígbà náà. Ẹni tí káàdì ẹ̀ sọnù kì í ṣe ọ̀daràn, àmọ́ ẹ̀rọ ò mọ̀yẹn.

Tí káàdì bá sọnù tàbí tó bà jẹ́, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní òmíràn. Tẹ́ ẹ bá ti kó láti Ìjẹ̀bú-Òde wá sí Àṣẹ̀rò, ẹ ní kí wọ́n gbé orúkọ yín wá síbí. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ méjèèjì lórí fóònù, ní ìkànnì ìforúkọsílẹ̀ INEC, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń forúkọ sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, fọ́ọ̀mù orí fóònù nìkan ò tó o: ẹ gbọ́dọ̀ lọ tẹ̀ka, kí wọ́n sì ya yín ní fọ́tò. Wọ́n máa ń ti ìforúkọsílẹ̀ pa kí ọjọ́ ìdìbò tó dé. Ẹ má jẹ́ kó dìgbà yẹn.

Ìyá bi mí pé ọwọ́ tí sódà ti jẹ yìí ńkọ́, ṣé ẹ̀rọ á kà á lọ́jọ́ ìdìbò. Mo ní tí BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀, ò bá mọ ìka, á wo ojú.

Kò ní ẹ̀dà káàdì àtijọ́ rárá, a ò sì mọ nọ́ńbà ẹ̀. A fi orúkọ àti ọjọ́ ìbí wá a lórí ìkànnì náà, kò jáde. A tún un ṣe, kò jáde. Ìgbà tí mo wá fi lẹ́tà kan kún ìparí orúkọ ẹ̀, bí àwọn akọ̀wé ṣe máa ń kọ ọ́ láyé ọjọ́un, òun náà nìyẹn.