Pertinax, Didius Julianus àti ìjà oyè olú-ọba Róòmù ní ọdún 193

Ọdún 193 lẹ́yìn ìbí Krístì ni àwọn òpìtàn ń pè ní ọdún olú-ọba márùn-ún ní Róòmù. Pertinax lo ọjọ́ 87 lórí ìtẹ́, Didius Julianus lo 66. Septimius Severus ló borí níkẹyìn, ṣùgbọ́n ó di ọdún 197 kí ó tó ṣẹ́gun Pescennius Niger àti Clodius Albinus, àwọn méjì tó ń bá a du oyè, tán. Iye márùn-ún yẹn gba àlàyé díẹ̀: oyè Késárì, ìyẹn igbákejì àti àrólé, ni Albinus gbà ní ọdún 193. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó pe ara rẹ̀ ní Augustus, orúkọ tí olú-ọba gan-an ń jẹ́.

Bí oyè ṣe ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni

Róòmù kò ní òfin tó sọ ẹni tí oyè kàn. Kò sí ìdílé tí a yà sọ́tọ̀ fún oyè náà, kò sí afọbajẹ. Nínú òfin, ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ló ń gbé agbára lé olú-ọba lọ́wọ́. Ní ti gidi, ẹni tí àwọn ọmọ ogun bá kókìkí ni ìgbìmọ̀ ń fọwọ́ sí. Láti orí Nerva dé orí Antoninus Pius, olú-ọba mẹ́rin tẹ̀léra ló gba ẹni tí yóò rọ́pò wọn ṣọmọ, èyí sì mú kí ìlú rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Marcus Aurelius ní ọmọkùnrin tó yè, ó sì fa oyè lé e lọ́wọ́. Commodus ni ọmọ náà.

Owó tún wà níbẹ̀. Olú-ọba tuntun gbọ́dọ̀ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ Praetorian, ìyẹn àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ olú-ọba, ní owó ìwúyè, torí bárékè wọn, tí wọ́n kọ́ nígbà ayé Tiberius, wà létí ìlú gan-an, wọ́n sì lè dé ààfin kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Claudius fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní sestertius (owó ẹyọ Róòmù) 15,000 ní ọdún 41. Marcus Aurelius àti Lucius Verus fún wọn ní 20,000 ní ọdún 161. Ọmọ ogun lásán ní ẹkùn òkèèrè ń gba 1,200 lọ́dún nígbà náà, nítorí náà owó ìwúyè kan ṣoṣo ju owó iṣẹ́ ọdún mẹ́rìndínlógún rẹ̀ lọ.

Pertinax

Ní alẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 192, Marcia, àlè Commodus, fún un ní májèlé jẹ. Nígbà tí Commodus bì í, wọ́n rán Narcissus, oníjàkadì tó ń bá a ṣe ìdárayá, láti fún un lọ́rùn pa. Laetus tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àwọn ẹ̀ṣọ́ àti Eclectus tó ń ṣe àkóso inú ilé ọba ló jọ di ọ̀tẹ̀ náà pẹ̀lú Marcia. Òru yẹn náà ni wọ́n lọ bá Pertinax.

Ọmọ ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ ni Pertinax. Ó ṣe olùkọ́ gírámà kí ó tó wọ iṣẹ́ ogun, ó sì gòkè títí ó fi di gómìnà Bìrìtéènì. Ẹni ọdún 66 ni nígbà tó jọba. Sestertius mílíọ̀nù kan péré ló bá nínú àpò ìjọba, bẹ́ẹ̀ ó ti ṣèlérí 12,000 fún ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó kó ẹrù Commodus sí gbàǹjo: ohun ìjà, ẹṣin, ohun ọ̀ṣọ́ ilé, títí kan àwọn ẹrú. Ibẹ̀ ló ti rí owó náà.

Ohun tó bà á jẹ́ fún un ni pé ó fẹ́ tún ohun gbogbo ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ jáwọ́ nínú lílu ará ìlú àti gbígba nǹkan wọn. Ó tún ń sọ pé iye tí òun fún wọn kò kéré sí ti Marcus, nígbà tí olúkúlùkù wọn mọ ìyàtọ̀ 20,000 sí 12,000. Nínú oṣù Kẹta, nígbà tó lọ sí etíkun láti wo ètò ọkà ìlú, àwọn kan nínú ẹ̀ṣọ́ gbìyànjú láti fi Falco, kọ́ńsúlù (olóyè ìjọba àgbà), jọba. Pertinax dá Falco sí, ó ní wọn kò ní pa aṣòfin kankan nígbà òun. Ṣùgbọ́n Laetus bẹ̀rẹ̀ sí pa àwọn ẹ̀ṣọ́ tọ́ràn kàn bí ẹni pé Pertinax ló pàṣẹ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta, nǹkan bí 200 ẹ̀ṣọ́ yọ idà wọ ààfin. Pertinax kò sá, bẹ́ẹ̀ ni kò ti ilẹ̀kùn. Ó jáde sí wọn, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, ojú sì tì wọ́n, àwọn míràn ti ń dá idà padà sínú àkọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo fò síwájú tó gún un; ni àwọn yòókù bá dà bò ó. Eclectus nìkan ló dúró tì í, ó jà títí wọ́n fi pa òun náà. Wọ́n fi orí Pertinax há ẹnu ọ̀kọ̀.

Gbàǹjo ní bárékè

Sulpicianus, bàbá ìyàwó Pertinax, ni alákòóso ìlú. Inú bárékè ló wà nígbà tí ìròyìn ikú náà dé, torí wọ́n rán an lọ pẹ̀tù sí àwọn ẹ̀ṣọ́. Lójú ẹsẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí dá owó lé oyè. Didius Julianus, aṣòfin olówó kan, dúró sẹ́yìn odi. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń lọ ń bọ̀ láàárín wọn: wọ́n á sọ fún Julianus pé ẹni inú ilé ti dá báyìí, wọ́n á bi í pé èló ló máa fi lé e. Sulpicianus gun owó náà dé 20,000. Julianus kò fi díẹ̀díẹ̀ lé e mọ́: ó fò ó sí 25,000 lẹ́ẹ̀kan, ó ń kígbe, ó ń fi ìka ọwọ́ júwe iye rẹ̀. Ó tún kìlọ̀ fún wọn pé àna òkú yóò gbẹ̀san. Ni wọ́n bá gbà á wọlé.

Cassius Dio, aṣòfin tó wà ní Róòmù nígbà náà, ló kọ èyí sílẹ̀. Ó yẹ kí òǹkàwé mọ̀ pé òun àti Julianus ti kọlura ní kóòtù rí, kò sì fi bẹ́ẹ̀ bò ó. Ó ní Julianus ta ayò nínú ààfin lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí òkú Pertinax ṣì wà nílẹ̀; ìwé ayé àtijọ́ míràn ní irọ́ ni.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ta ohun tí kì í ṣe tiwọn. Ìlú Róòmù nìkan ló wà níkàáwọ́ wọn. Àwọn ọmọ ogun tó tó ogun í jà wà ní ẹnubodè. Àwọn ará ìlú rọ́ wọ pápá ìfẹṣin-sáré, wọ́n sùn síbẹ̀ láìjẹ láìmu, wọ́n ń ké pe Niger, gómìnà Síríà. Ṣùgbọ́n Severus ló sún mọ́ Róòmù jù. Ọmọ Leptis Magna ní Líbíà òde òní ni, gómìnà ní ìhà odò Danube, níbi tí wọ́n ti fi jọba ní Carnuntum, ní Ọ́stríà òde òní, ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin. Ó kọ́kọ́ fi oyè Késárì di Albinus, gómìnà Bìrìtéènì, lẹ́nu kí ó má baà ní ọ̀tá níwá àti lẹ́yìn, ó sì dorí kọ Ítálì. 600 ọmọ ogun ló yí i ká tọ̀sán-tòru, wọn kò sì bọ́ aṣọ irin lọ́rùn lójú ọ̀nà.

Julianus ń gbára dì ní tirẹ̀. Ó kó àwọn atukọ̀ láti Misenum, ibùdó ọkọ̀ ojú omi ogun, wá kọ́ ìjà orí ilẹ̀, wọn kò mọ̀ ọ́n. Erin tí wọ́n gbé ilé ìṣọ́ lé lẹ́yìn gbọ̀n ọ́n dànù. Ó gbà pé ká ní Pertinax ti ilẹ̀kùn ni, kò ní kú, torí náà ó fi irin lílé dí ẹnu ọ̀nà ààfin. Ó pa Laetus àti Marcia. Ravenna, ìlú kan ní Ítálì, ṣí ìlẹ̀kùn fún Severus láìjà. Julianus wá bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn méjèèjì jọ pín ìtẹ́, Severus kò gbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, ìgbìmọ̀ àgbà dá Julianus lẹ́jọ́ ikú, ọmọ ogun kan sì pa á nínú ààfin. Dio ní ó bèèrè pé, “Kí ni mo ṣe? Ta ni mo pa?”

Lẹ́yìn Julianus

Severus pe gbogbo ẹ̀ṣọ́ jáde láìmú ohun ìjà, ó fi ọmọ ogun tirẹ̀ yí wọn ká, ó tú wọn ká, ó sì fi ọmọ ogun láti ẹkùn òkèèrè rọ́pò wọn. Ó ṣe òkú Pertinax lọ́nà ọba: wọ́n fi ìda mọ ère rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, ọmọdékùnrin kan sì ń fi ìyẹ́ ọ̀kín lé eṣinṣin lára rẹ̀ bí ẹni tó ń sùn.

Ó ṣẹ́gun Niger ní Issus ní ọdún 194. Byzantium, Istanbul ti òde òní, tó dúró ti Niger, kò juwọ́ sílẹ̀ títí di ìparí ọdún 195. Albinus ló kù, ó sì kú lẹ́yìn ogun Lugdunum, Lyon ti òde òní, ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 197. Nínú àwọn aṣòfin tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé wọ́n ti Albinus lẹ́yìn, Severus dá 35 sílẹ̀, ó pa 29. Sulpicianus wà lára àwọn tó pa.