Dídán ọ̀dà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun àti fífi ìda pa á

Dídán ọ̀dà ọkọ̀ tuntun àti fífi ìda pa á jẹ́ iṣẹ́ méjì tí wọ́n sábà máa ń ṣe tẹ̀ lé ara wọn lára ọkọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé iṣẹ́ dé. Èyí àkọ́kọ́, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní pọ́líìṣì, máa ń fá díẹ̀ kúrò lójú ọ̀dà kí ojú rẹ̀ lè tẹ́jú, kí ó sì máa dán gbinrin. Ìda ní tirẹ̀ kì í mú nǹkan kan kúrò. Awọ tín-ínrín kan ni ó ń fi bo orí ọ̀dà, kí omi àti ìdọ̀tí má baà ráyè lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń da méjèèjì pọ̀, nítorí pé àwọn èròjà kan wà lọ́jà tí ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ yìí ni ó yẹ kí a fi pinnu ohun tí a ó ṣe sí ọkọ̀ tuntun: ìda tó bá ti tán, a lè fi òmíràn pa á, ọ̀dà tí a bá ti fá kì í padà.

Bí ọ̀dà ilé iṣẹ́ ṣe tò léra

Ọ̀dà ọkọ̀ òde òní kì í ṣe ẹyọ kan. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ irin náà, tí wọ́n sì fi èròjà fọ́síféètì tọ́jú rẹ̀, wọn yóò ri gbogbo ara ọkọ̀ sínú agbada ọ̀dà kan tí iná mànàmáná ń gbà kọjá. Iná yìí ni ó ń fa ọ̀dà mọ́ irin, títí kan inú kọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ìfín-ọ̀dà kò lè dé. Ìpele yìí, tí ó ń dènà ìpẹtà, sábà máa ń nípọn tó nǹkan bíi máíkírónì 20. (Máíkírónì 1,000 ni ó wà nínú mìlímítà 1.) Pàráímà ni ó tẹ̀ lé e, ní nǹkan bíi máíkírónì 30 sí 40, lẹ́yìn náà ni ọ̀dà aláwọ̀ fúnra rẹ̀, tí kì í sábà ju máíkírónì 10 sí 20 lọ. Ọ̀dà aláìláwọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ mọ̀ sí kílíà ni ó wà lókè pátápátá, tí ó sì sábà máa ń wà láàárín máíkírónì 35 sí 50. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sábà máa ń jẹ́ máíkírónì 100 sí 150. Ẹyọ irun orí kan nípọn tó nǹkan bíi máíkírónì 70, nítorí náà kílíà tí ènìyàn ń fi ẹ̀rọ fá kò tó irun kan ní ìnípọn.

Kílíà yìí ni ó yẹ kí a fọkàn sí jù lọ, nítorí pé òun nìkan ni pọ́líìṣì àti ìda ń fọwọ́ kàn. Òun ni ó ń fún ọkọ̀ ní dídán, òun náà sì ni wọ́n po àwọn kẹ́míkà tí ń gba ìtànṣán oòrùn mọ́. Bí ó bá ti ń fúyẹ́ sí i ni agbára rẹ̀ láti dáàbò bo àwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ń dín kù. Níbi tí ó bá ti fúyẹ́ jù, oòrùn yóò wọlé dé ibi tí kílíà àti àwọ̀ ti lẹ̀ mọ́ra, kílíà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí awọ tó ń bó. Èyí lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó hàn, ìdí nìyẹn tí ẹni tó fá a jù kì í fi sábà rí àbájáde iṣẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè kan tí kì í tán nílẹ̀ ni bóyá ó yẹ kí ọkọ̀ tuntun kọ́kọ́ dúró fún oṣù bíi mélòó kan kí wọ́n tó fi ìda pa á. Ìmọ̀ràn yìí wúlò, àmọ́ ọ̀dà tí wọ́n fín ní ìdí iṣẹ́ àtúnṣe ni ó wà fún. Ọ̀dà àtúnṣe máa ń gbẹ nínú atẹ́gùn lásán tàbí nínú yàrá tí ooru rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 60°C lọ, tínà inú rẹ̀ sì máa ń jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀, nǹkan bíi 140°C ni wọ́n fi ń yan kílíà fún bí ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ó ti gbẹ délẹ̀ kí ọkọ̀ tó jáde. Bọ́ńpà oníke kò lè fara da irú ooru bẹ́ẹ̀, fún ìdí èyí ọ̀dà tó ní hádínà nínú, tí ooru tó kéré máa ń mú le, ni wọ́n sábà ń lò fún un. Òun náà ti le kí wọ́n tó dè é mọ́ ọkọ̀.

Ìtàn

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń kun ọkọ̀ ní fáníìṣì, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí iṣẹ́ tó parí. Ní 1923 ni ilé iṣẹ́ kẹ́míkà DuPont àti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ General Motors gbé Duco jáde, ọ̀dà nitrocellulose tí ń yára gbẹ, tí ọkọ̀ Oakland ti ọdún 1924 sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó. Ọ̀dà irú èyí kì í dán fúnra rẹ̀. Wọ́n ní láti fi ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ dán an kí ó tó kúrò ní ilé iṣẹ́. Bí oòrùn bá sì ti ń pa á, ojú rẹ̀ máa ń di ẹfun, ẹni tó ni ín á tún dán an. Ibẹ̀ ni àṣà dídán ọkọ̀ déédéé ti gbilẹ̀, tí ìda Simoniz, àti Turtle Wax tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Chicago láàárín àwọn ọdún 1940, fi di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 wọ inú àwọn ọdún 1980 ni kílíà gba ipò lọ́wọ́ ọ̀dà ẹlẹ́yọ kan. Ọ̀dà yí padà, àṣà kò yí padà tó bẹ́ẹ̀.

Àbùkù tó lè wà lára ọkọ̀ tuntun

Ọkọ̀ lè jẹ́ tuntun kí ojú ọ̀dà rẹ̀ má mọ́. Ní òpin ìlà iṣẹ́, àwọn olùyẹ̀wò máa ń fi sáńpépà kékeré yọ eruku tó kó sínú kílíà, wọn á sì fi ẹ̀rọ dán ojú ibẹ̀. Nígbà mìíràn ipa ẹ̀rọ náà ṣì máa ń hàn. Lójú ọ̀nà, pàápàá bí wọ́n bá fi ọkọ̀ ojú irin gbé e, ẹ̀rún irin lè kó sí ojú rẹ̀ kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà, tí yóò hàn bí àmì pupa kéékèèké lára ọkọ̀ funfun. Láyé àtijọ́, ìda líle ni wọ́n fi ń bo ọkọ̀ tó ń sọdá òkun. Lónìí, rọ́bà pẹlẹbẹ tó ń lẹ̀ ni wọ́n sábà ń lò, gọ́ọ̀mù rẹ̀ sì lè ṣẹ́kù sí etí bónẹ́ẹ̀tì. Ìgbẹ́ ẹyẹ tó gbẹ mọ́ ọ̀dà nínú oòrùn níbi tí wọ́n kó ọkọ̀ sí lè jẹ kílíà wọnú.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni àpá tín-ínrín tí fífọ ọkọ̀ ní kánmọ́kánmọ́ kí wọ́n tó fà á lé oníbàárà lọ́wọ́ ń dá sílẹ̀. Akísà kan tó ní yanrìn nínú tó láti ṣe é. Lábẹ́ ìkùukùu ènìyàn kò ní rí i, àmọ́ bí a bá tan iná kan sí ilẹ̀kùn ọkọ̀ dúdú, àpá náà yóò yọ ní róbótó yí àwòrán iná náà ká, yóò sì máa tẹ̀ lé e bí a ti ń gbé iná kiri. Ní tòótọ́, àpá wọ̀nyí lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Èyí tó bá dábùú ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ó ń dá a padà sójú ẹni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dà bí òrùka.

Ojú ọ̀dà tó rí gbágungbàgun bí èèpo ọsàn kì í ṣe àbùkù ní pàtó. Bí ọ̀dà ṣe sàn nígbà tí wọ́n fín in ni. Láti mú un kúrò, ènìyàn ní láti fi sáńpépà onínọ́ńbà 2000 tàbí 3000, tí ó kúnná gan-an, fá kílíà púpọ̀, ohun tó ṣòro láti gbè lẹ́yìn lára ọkọ̀ tuntun.

Fífọ ọkọ̀ àti yíyọ ìdọ̀tí

Garawa méjì ni wọ́n sábà ń lò, ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì fún fífi omi ṣan kànìnkànìn. Èròjà kan wà tó ń yọ ẹ̀rún irin, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń di elésè àlùkò níbi tó bá ti bá irin pàdé. Ohun tó bá kù ni wọ́n ń fi amọ̀ pàtàkì yọ, pẹ̀lú omi tó ń yọ̀ láàárín amọ̀ àti ọ̀dà. Amọ̀ náà lè fi àpá sílẹ̀, nítorí náà kò yẹ kí a lò ó bí ọ̀dà bá ti jọ̀lọ̀ lábẹ́ ọwọ́.

Pọ́líìṣì

Pọ́líìṣì jẹ́ eruku líle, tí ó sábà máa ń jẹ́ alumíníọ̀mù ọ́ksáídì, nínú omi tàbí òróró. Èyí tí eruku rẹ̀ kò kúnná ni wọ́n ń pè ní kọ̀ńpáùn. Nínú àwọn kan, eruku náà ṣù pọ̀ mọ́ra, ó sì ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí a ti ń lò ó, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fífá tí ó sì ń parí pẹ̀lú dídán. Nínú àwọn mìíràn, ó kúnná láti ìbẹ̀rẹ̀ kì í sì í yí padà. Àpá kì í kún. Ohun tó wà láyìíká rẹ̀ ni a ń fá sílẹ̀ títí a ó fi dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, èyí ló fi jẹ́ pé àpá tó bá ti ń kọ́ èékánná jinlẹ̀ ju ohun tó yẹ kí a fá lọ.

Ẹ̀rọ bọ́fìn, tí wọ́n fi ń dán ọ̀dà, oríṣi méjì ló gbajúmọ̀. Èyí tó ń yí lójú kan ṣoṣo ń yára fá, ó sì ń mú ooru wá. Ó lè fi ipa rẹ̀ sílẹ̀ bí òjìji tó ń yí nínú oòrùn. Èyí tó ń yí tó sì ń mì lọ́wọ́ kan náà lọ́ra, ewu rẹ̀ sì kéré, òun ni ó dára jù fún ẹni tí kò tíì mọwọ́ iṣẹ́ náà. Etí ilẹ̀kùn àti ìlà tó yọ sókè lára bónẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ gba ìṣọ́ra, nítorí gbogbo ìwúwo ẹ̀rọ ń bọ́ sí ibi tóóró, ọ̀dà sì sábà máa ń fúyẹ́ níbẹ̀. Bọ́ńpà oníke náà gba ìṣọ́ra: ike kì í gbé ooru lọ bí irin, nítorí náà ọ̀dà orí rẹ̀ máa ń tètè jóná.

Ìlànà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ ń tẹ̀ lé ni pé kí a kọ́kọ́ dán ibi kékeré kan wò, bíi sẹ̀ǹtímítà 40 níbùú lóròó, pẹ̀lú fóòmù ojú ẹ̀rọ tó rọ̀ jù àti pọ́líìṣì tó kúnná jù. Bí ó bá tó, kò sídìí láti lo èyí tó le. Iṣẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ lè mú máíkírónì 1 tàbí kò tó bẹ́ẹ̀ kúrò. Kọ̀ńpáùn lè mú ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kí a máa wo ojú fóòmù. Lára ọ̀dà tó ní kílíà, ohun tó ń mú bọ̀ jẹ́ funfun. Bí àwọ̀ ọkọ̀ bá fi lè hàn lójú fóòmù, kílíà ti lu nìyẹn, fífín mìíràn nìkan ló sì kù.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, òróró inú pọ́líìṣì lè bo àpá mọ́lẹ̀ kí ó dà bí ẹni pé ó ti lọ. Omi tí a pò mọ́ ọtí isopropyl ni wọ́n fi ń nù ún kí òtítọ́ ojú ọ̀dà lè hàn.

Wíwọn ọ̀dà

Ẹ̀rọ kékeré kan ń wọn ìnípọn ọ̀dà: lórí irin, ipá òòfà ni ó ń lò, lórí alumíníọ̀mù, iná tó ń yí kiri nínú irin náà ni. Gbogbo ìpele lápapọ̀ ni ó ń sọ, kì í ya kílíà sọ́tọ̀. Fún ike, ẹ̀rọ tí ń lo ìró ni ènìyàn nílò. Síbẹ̀, òun ni ohun èlò tó wúlò jù lọ nínú iṣẹ́ yìí. Bí gbogbo ara ọkọ̀ bá jẹ́ bíi máíkírónì 120 tí ilẹ̀kùn kan sì jẹ́ 280, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tún ilẹ̀kùn náà fín, bóyá nítorí ìjàǹbá lójú ọ̀nà, bí ọkọ̀ náà tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ràn dídúró kí a tó fi ìda pa á kàn.

Ìda

Ìda tó lókìkí jù ni carnauba, tí ó ń wá láti ara ewé ọ̀pẹ Copernicia prunifera ní àríwá ìlà-oòrùn Brazil. Wọ́n máa ń sá ewé náà, wọn á sì lù ú kí ìda lè gbọ̀n dànù. Ó le gan-an, nǹkan bíi 82 sí 86°C ni ó fi ń yọ́, nítorí náà wọ́n ní láti pò ó mọ́ òróró, tínà tàbí ìda oyin kí ó tó ṣeé fi pa nǹkan.

A ń fi fóòmù pa á fẹ́ẹ́rẹ́, a ó jẹ́ kí ojú rẹ̀ ṣú díẹ̀, a ó sì fi aṣọ máíkírófáíbà nù ún. Pípa á nípọn kò fi kún ààbò; aṣọ ni yóò nù ún kúrò. Kí ojú irin má gbóná, kí ìda má sì kan ike dúdú tí kò ní ọ̀dà, nítorí ó máa ń di funfun níbẹ̀. Bí omi bá ń ṣù lórí ọ̀dà, ìda ṣì wà; àmọ́ ṣíṣù omi kò fi hàn pé ó ń dènà oòrùn, iṣẹ́ kílíà nìyẹn. Ìda kì í dá òkúta dúró bákan náà. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀ ni ó sábà máa ń lò. Èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, sẹ̀rámíìkì tí ó ń lẹ̀ mọ́ kílíà tí ó sì ń le síbẹ̀ sì lè lò ju ọdún kan lọ. Ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ sẹ̀rámíìkì, títí kan àpá, yóò wà níbẹ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá fá a.

Sílíkóònù inú ọ̀pọ̀ èròjà ìdán jẹ́ ìṣòro fún àwọn tó ń fín ọ̀dà. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá kù lára irin yóò mú kí ọ̀dà tuntun sá sẹ́yìn, tí yóò fi ihò róbótó sílẹ̀. Ó yẹ kí oníṣẹ́ ọ̀dà mọ̀ bí wọ́n bá ti fi irú rẹ̀ pa ọkọ̀ náà rí.

Ọ̀dà àrà ọ̀tọ̀

Ọ̀dà tí kì í dán ni kò gbọ́dọ̀ rí pọ́líìṣì rárá, nítorí gbágungbàgun kéékèèké ojú rẹ̀ ni ó mú un rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí a bá fá yóò máa dán títí ayé, ìda lásán sì lè fi àbàwọ́n sí i. Àwọn kílíà kan wà tí ó le tàbí tí ó ń wo ara rẹ̀ sàn: Mercedes-Benz bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú èyí tó ní èròjà nano, ìyẹn ẹ̀rún tí ó kéré jọjọ, nínú ní 2003, Nissan sì kéde Scratch Shield ní 2005, èyí tí àpá fẹ́ẹ́rẹ́ ojú rẹ̀ máa ń pa dé fúnra rẹ̀, tí ó sì ń yára ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ooru bá mú. Lára irú ọkọ̀ wọ̀nyí, ó dára kí a fi ọkọ̀ sílẹ̀ nínú oòrùn fún ọjọ́ díẹ̀ kí a tó pinnu pé a fẹ́ gbé ẹ̀rọ.