Agbèrò Kọ́ Ló Kó Èrò Wá

Bí a bá gba ohun tí kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀ gbọ́, aago mẹ́wàá alẹ́ ni ọjà Balógun máa ń kún jù. Ẹni tó bá mọ Erékùṣù Èkó mọ̀ pé irọ́ ni. Ní àsìkò yẹn wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, àwọn oníṣòwò ti gba orí afárá kọjá lọ sílé. Ká ní áàpù kan wà tí wọ́n fi ń kọ ọjà tí wọ́n tà àti gbèsè tí oníbàárà jẹ wọ́n sílẹ̀. Ìgbàkígbà tí ìyá aláṣọ bá tẹ bọ́tìnnì, áàpù á kọ ọ́ pé ta ló tẹ̀ ẹ́, kí ló tẹ̀, ìgbà wo ló tẹ̀ ẹ́, á sì fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àwọn tó ṣe é ní Yábàá. Ṣùgbọ́n ìyá aláṣọ kì í tan dátà lọ́sàn-án, owó ń kó o. Áàpù á tọ́jú gbogbo àkọsílẹ̀ náà sínú fóònù títí di alẹ́ tí ìyá bá tan dátà láti wo WhatsApp, gbogbo rẹ̀ á wá ya lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹni tó kọ ètò náà bá lo aago tí àkọsílẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dípò aago tí ìyá tẹ bọ́tìnnì, Balógun di ọjà alẹ́ nìyẹn. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì á sì dìde pé kí wọ́n máa gbé ìpolówó síta ní aago mẹ́wàá.

Irú àṣìṣe báyìí pọ̀. Fóònù kan ṣoṣo ni ìyá aláṣọ àti ọmọ tó ń bá a tajà jọ ń lò, kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí ẹnì kan. Ará ìsọ̀ kejì ní fóònù méjì, ó di èèyàn méjì. Ẹni tó ń fi USSD sanwó lórí fóònù kékeré kò sí nínú ìwé rárá, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ òun ló ń náwó jù. Gbogbo ìwọ̀nyí ń bíni nínú, àmọ́ ẹni tó bá jókòó tì wọ́n á tún wọn ṣe. Àṣìṣe kan wà tí kì í hàn sójú, òun ló sì ń jẹ owó: kí èèyàn rí nǹkan méjì tó tẹ̀ léra wọn, kó sì gbà pé ti ìṣáájú ló bí ti ìkẹyìn.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń yan iṣẹ́ tuntun tí wọ́n máa fi kún áàpù. Ohun tí oníbàárà ń béèrè pọ̀ ju ọwọ́ tó wà láti ṣe é lọ, nítorí náà wọ́n ní láti tò ó. Ìlànà kan tó gbajúmọ̀ ni èyí tí ilé iṣẹ́ Intercom gbé jáde, tí wọ́n ń pè ní RICE. Kò kan ìrẹsì o. Wọ́n á mú iye èèyàn tí ohun náà máa kàn, wọ́n á fi bó ṣe máa ràn wọ́n lọ́wọ́ tó sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á tún fi bó ṣe dá wọn lójú tó sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á wá fi iye iṣẹ́ tó máa gbà pín in. Ó dára, torí ó ń fipá mú ọ̀gá tó kàn fẹ́ràn nǹkan kan pé kó sọ ìdí. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn nọ́ńbà yẹn, àfojúbù ni. Àfojúbù tí wọ́n sọ di púpọ̀ pẹ̀lú àfojúbù, tí wọ́n wá kọ ọ́ bíi 47.3, ó ń dà bí ohun tí wọ́n fi òṣùwọ̀n wọ̀n.

Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ ṣe ìyọnu yẹn. Wọ́n á wo bọ́tìnnì tí èèyàn kì í sábàá tẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n yọ ọ́. Ìgbà mélòó ni dánfó ń lo sípéà táyà rẹ̀ lóṣù? Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ọkọ̀, kí wọ́n wá bá wa sọ bó ṣe rí lórí afárá Third Mainland ní òru.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni ti aṣọ ẹbí. Áàpù tí à ń sọ yìí ní bọ́tìnnì kan tó ń rán onígbèsè létí. Wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ wò, wọ́n rí i pé àwọn tó lo bọ́tìnnì yẹn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ṣì wà lórí áàpù lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nígbà tí púpọ̀ nínú àwọn tí kò lò ó ti yọ ọ́ kúrò lórí fóònù wọn. Inú wọn dùn: wọ́n ti rí àṣírí rẹ̀! Wọ́n gbé bọ́tìnnì náà sí ojú ewé àkọ́kọ́, wọ́n sọ ọ́ di dandan. Oṣù mẹ́ta kọjá, kò sí ohun tó yí padà.

Níbi ìnáwó, àwọn tó wọ aṣọ ẹbí ló máa ń dúró títí wọ́n á fi ká ìjókòó. Òótọ́ ni, ẹ ka orí wọn. Bí a bá wá tìtorí èyí gbé aṣọ ẹbí fún gbogbo ẹni tó ń kọjá ní títì, ṣé wọ́n máa dúró? Àwọn kan á dúró jẹ ìrẹsì, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n aṣọ kọ́ ló dá àwọn ti àkọ́kọ́ dúró. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Ohun tó mú wọn ra aṣọ náà ló mú wọn jókòó pẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bọ́tìnnì onígbèsè: ẹni tí èèyàn ogójì jẹ lówó nílò áàpù náà gan-an, ìdí nìyẹn tó fi wá bọ́tìnnì yẹn kàn fúnra rẹ̀. Facebook pàápàá lókìkí nítorí irú òfin báyìí nígbà tó ń dàgbà: kí ẹni tuntun ní ọ̀rẹ́ 7 láàárín ọjọ́ 10. Ó wúlò gẹ́gẹ́ bí àmì tí gbogbo òṣìṣẹ́ lè dojú kọ. Pé iye náà ló ń dá èèyàn dúró, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ohun tó ń tú àdììtú yìí ni kí wọ́n ṣẹ́ kèké. Kí kọ̀ǹpútà pín àwọn tuntun sí méjì láìwo ojú ẹnikẹ́ni, kí ìdajì rí bọ́tìnnì náà, kí ìdajì má rí i. Mọ̀lẹ́bí á wà ní ìhà méjèèjì ní iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ohun tó bá wá yàtọ̀ lẹ́yìn náà, bọ́tìnnì ló ni ín.

Nínú ìpolówó, aṣọ ẹbí di agbèrò. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Ọ̀ṣòdì. Agbèrò ń gbá ara dánfó, ó ń pariwo: “Ojúẹlẹ́gba, Yábàá! Ojúẹlẹ́gba, Yábàá! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!” Ọkọ̀ kún, ó nawọ́ sí awakọ̀, awakọ̀ sanwó, ọkọ̀ gbéra. Bí wọ́n bá bi agbèrò pé ta ló kó èrò mẹ́rìnlá yẹn wọlé, á ní òun ni. Kò sì purọ́ tán, torí ohùn rẹ̀ ni wọ́n gbọ́ kẹ́yìn kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tó ń gbé ní Yábàá, tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ibo ló ń lọ tẹ́lẹ̀?

Lìǹkì tí ìpolówó ń lò máa ń ní ìrù gígùn kan tí utm wà nínú rẹ̀. U yẹn dúró fún Urchin, ilé iṣẹ́ tí Google rà ní 2005, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì di Google Analytics, ètò tó ń ka àwọn tó ń wọ ìkànnì, lọ́dún kan náà. Ìrù yìí ni agbèrò fi ń sàmì sára èrò: ẹni tó bá gba ojú lìǹkì mi wọlé, èmi ni mo mú un wá. Ohun tí oníbàárà tẹ̀ kẹ́yìn kó tó sanwó á wá gba gbogbo ìyìn. Àwọn kan ní èyí kò dáa, kí ẹni àkọ́kọ́ gbà á, ìyẹn onímárúwá tó gbé èrò dé gáréèjì. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n pín in: díẹ̀ fún onímárúwá, díẹ̀ fún kọ̀ńdọ́, díẹ̀ fún ọmọ tó ń ta gálà tó fọwọ́ júwe ọkọ̀. Ó jọ ìdájọ́ òdodo. Àmọ́ nínú gbogbo pínpín yìí, kò sẹ́ni tó tíì béèrè bóyá akọ̀wé náà ìbá ti délé láìsí ìkankan nínú wọn. Owó tí kò tọ́ sí ẹnì kan, bí wọ́n pín in fún mẹ́fà, kò tíì tọ́ síbẹ̀.

Kí wọ́n ní kí agbèrò panu mọ́ lọ́jọ́ kan. Kí wọ́n wo bóyá ọkọ̀ á kún, àti bó ṣe máa pẹ́ tó.

eBay, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣe é ní 2012. Wọ́n ti máa ń sanwó kí ìpolówó wọn lè yọ nígbà tí èèyàn bá tẹ orúkọ eBay gan-an sínú ẹ̀rọ ìwákiri, bí ìgbà tí èèyàn bá ń sanwó fún ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ kó máa júwe ilé náà fún ìyàwó rẹ̀. Wọ́n dá a dúró lórí ẹ̀rọ ìwákiri Yahoo àti ti Microsoft. Nínú gbogbo àbẹ̀wò tí ìpolówó náà ìbá mú wá, 99.5 nínú 100 ló gba ojú lìǹkì ọ̀fẹ́ wọlé. Lẹ́yìn náà wọ́n pa ìpolówó yòókù lórí Google ní apá kan Amẹ́ríkà, wọ́n jẹ́ kí ó máa lọ ní apá kejì. Èsì rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Blake, Nosko àti Tadelis tẹ̀ jáde nínú ìwé ìwádìí Econometrica ní 2015, jọ ti Ọ̀ṣòdì gan-an ni. Àwọn oníbàárà tuntun àti àwọn tí kì í sábàá rajà, ìpolówó mú wọn wá lóòótọ́. Àwọn tó ti mọ̀nà tẹ́lẹ̀, tí èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà ń bá lọ, ìbá wá bákan náà. Àlejò tí kò mọ ibi tí ọkọ̀ Yábàá wà ni ariwo agbèrò wúlò fún.

Ẹ jẹ́ ká fi owó tiwa ṣe é. Ká ní áàpù wa ní oníbàárà 20,000 tí kò tíì sanwó rí. Wọ́n ná ₦540,000 sórí ìpolówó, ṣùgbọ́n kèké yọ èèyàn 2,000 sọ́tọ̀ tí kò ní rí i. Nínú 18,000 tó rí i, èèyàn 900 san ₦2,000 kọ̀ọ̀kan. Ìwé agbèrò á sọ pé ₦1,800,000 wọlé lórí ₦540,000. Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ẹ wá wo àwọn 2,000 tí kò rí nǹkan kan: 80 nínú wọn sanwó, ìyẹn 4 nínú 100. Bí 4 nínú 100 bá lè sanwó láìrí ìpolówó, nínú 18,000, èèyàn 720 ni ìbá ti sanwó bákan náà. Èèyàn 180 péré ni ìpolówó mú wá, owó wọn sì jẹ́ ₦360,000. Wọ́n pàdánù ₦180,000 lábẹ́ àtẹ́wọ́. Kí a tún sọ ọ́ pé 2,000 yẹn kéré díẹ̀. Ká ní èèyàn ogún péré sí i ló sanwó níbẹ̀, ìpolówó náà kò mú ẹnikẹ́ni wá rárá nìyẹn, bẹ́ẹ̀ oríire lásán lè fi tó bẹ́ẹ̀ kún un nígbà mìíràn. Àwọn oníkánjú kì í fẹ́ gbọ́ èyí.

Kí ló dé tí gbogbo èèyàn kì í ṣe é? Ẹni tó ń ta gaàrí ló ni kóńgò. Ilé iṣẹ́ tó ta ìpolówó ló tún ń ka èèyàn tó mú wá, àwòrán tó sì ń hàn lójú dáṣíbọọ̀dù rẹ̀, ìyẹn ojú ewé tó ń fi nọ́ńbà hàn, lójoojúmọ́ ni ti agbèrò. Google àti Facebook ní ìdánwò tó ń yọ àwọn kan sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá béèrè, àmọ́ ó ní láti béèrè. Òṣìṣẹ́ ìpolówó náà mọ̀ pé bí nọ́ńbà bá wálẹ̀ láti 900 sí 180, ìjókòó òun ń mì.

Ọjọ́ ń lọ lórí agbèrò ṣá. Láti April 2021, iPhone ti ń béèrè lọ́wọ́ olówó fóònù kí áàpù kan tó lè máa tẹ̀ lé e láti áàpù dé áàpù, ọ̀pọ̀ sì ń dáhùn pé rárá. Nàìjíríà náà ti ní òfin ìdáàbòbò dátà láti 2023. Àwọn kan ń sunkún pé ìwọ̀n ìpolówó ti bàjẹ́. Ìwọ̀n agbèrò ló bàjẹ́. Ẹni tó pa ìpolówó ní ìlú kan tó sì jẹ́ kó máa lọ ní ìkejì kò nílò láti mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Owó tó wọlé ní ìlú méjèèjì nìkan ló ń kà.

Ní Èkó, ibi tí wọ́n á ti fa ìlà ni ìṣòro. Bí wọ́n bá pa ìpolówó ní Sùúrùlérè, tí wọ́n jẹ́ kó máa lọ ní Erékùṣù, àwọn ará Sùúrùlérè ti kọjá sí Erékùṣù láti àárọ̀, wọ́n ti rí i. Ìkòròdú náà ń jí lọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe ìhà tó dákẹ́, Mowé, Ìbafo àti Ọ̀tà ń sùn ní Ògùn, Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, wọ́n á sá lọ sí Ìbàdàn àti Ìlọrin lọ ṣe ìdánwò náà, wọ́n á rí èsì tó mọ́ dáadáa, wọ́n á sì gbé e padà wá sí Yábàá láti fi pinnu iye tí wọ́n máa ná lórí ìyá aláṣọ ní Balógun, tí kò tíì tan dátà rẹ̀.